Ẹ̀rọ Gẹ́ẹ̀mù Àtijọ́ Tó Di Ohun Èlò Orin: Kí Ètò Tuntun Má Ṣe Pa Orin Olórin Rẹ́

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe àwọn àgbà yìí ló ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kékeré kan tí ọ̀pọ̀ òbí kà sí ohun ìṣeré ọmọdé lásán láyé ọjọ́un, ṣùgbọ́n tó ti di ohun èlò orin gidi lọ́wọ́ àwọn tó mọ iyì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni Game Boy, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù tí wọ́n ń fọwọ́ mú, èyí tí iléeṣẹ́ Nintendo ní orílẹ̀-èdè Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní ọjọ́ 21, oṣù kẹrin, ọdún 1989. Kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìwé orin inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Bátìrì kéékèèké 4, irú èyí tí wọ́n ń fi sí rẹ́díò, ló ń lò. Bí àwòrán bá hàn lójú rẹ̀, àwọ̀ ewé tó ṣú àti èyí tó mọ́lẹ̀ nìkan ni èèyàn ń rí. Síbẹ̀, òun àti àbúrò rẹ̀ aláwọ̀ mèremère, Game Boy Color, tà ju mílíọ̀nù 118 lọ káàkiri àgbáyé kí iléeṣẹ́ náà tó ṣíwọ́ ṣíṣe wọn.

Bí nǹkan ṣe máa ń rí, orí ààtàn ló yẹ kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ parí sí nígbà tí èyí tó dára jù ú lọ bá ti dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1998, Oliver Wittchow, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà ní ìlú Hamburg lórílẹ̀-èdè Jámánì, kọ ètò orin kan fún Game Boy, ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní Nanoloop. Nígbà tó di ọdún 2000, Johan Kotlinski, ọmọ ilẹ̀ Sweden, gbé tirẹ̀ jáde. Little Sound DJ ló pè é, èyí tí àwọn tó ń lò ó gé kúrú sí LSDj. Kò sí èyí tí Nintendo bẹ̀ níṣẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Fúnra wọn ni wọ́n wádìí bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì kọ ètò tó sọ ohun ìṣeré di ohun èlò orin. Irú ètò yìí, èyí tí ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ jókòó sílé rẹ̀ kọ, ni ètò àdáṣe tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí.

Ohùn mẹ́rin péré ni Game Boy ní. Méjì àkọ́kọ́ ń dún bíi fèrè tó há lọ́fun. Ìkẹta ni èyí tí ẹni tó ń lò ó lè ya bí ohùn náà ṣe máa rí fúnra rẹ̀, ní ojú àmì 32, bí ìgbà tí agbẹ́gilére ń gbẹ́ igi sí ìrísí tó wù ú. Ìkẹrin ń ró ṣáá-ṣáá bí ìgbà tí wọ́n ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń ṣe ìró ìlù. Nínú LSDj, olórin á máa to ohùn orin sílẹ̀ ní ìlà-ìlà pẹ̀lú ìwọ̀nba bọ́tìnnì tó wà lára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa kà á láti òkè délẹ̀. Kò sí gìtá, kò sí dùùrù, kò sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ olówó gọbọi.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà. Niamh Houston, ọmọbìnrin ilẹ̀ Northern Ireland tí wọ́n mọ̀ sí Chipzel, fi Game Boy àti LSDj di ìlú-mọ̀ọ́ká, àwọn orin rẹ̀ ló sì wà nínú gẹ́ẹ̀mù Super Hexagon tó jáde ní ọdún 2012. Ní ìlú New York, láti ọdún 2006, wọ́n ṣe àjọ̀dún orin Blip Festival fún ọdún bíi mélòó kan, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kóra jọ jó sí orin tó ń jáde látinú irú ẹ̀rọ àtijọ́ báyìí.

Títí di òní, àwọn tó ń kọ ètò kò yé mú èrò tuntun wá. Àwọn kan fẹ́ kí ohùn pọ̀ sí i. Àwọn kan fẹ́ kí ẹ̀rọ lè gba ohùn èèyàn sílẹ̀ kó sì máa fi kọrin. Àwọn mìíràn ń wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ púpọ̀ yóò fi máa bá ara wọn rìn nípasẹ̀ wáyà láìsí pé ọ̀kan ń sáré ju èkejì lọ. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ kékeré kì í ṣe ọgbọ́n. Ohun mẹ́ta wà tó ṣe kókó ju gbogbo ìyẹn lọ: kí orin tí èèyàn kọ má ṣe ṣègbé, kí ètò má ṣe fi òǹkà àti ohùn orin ibì kan dè gbogbo ayé mọ́lẹ̀, kí ìmọ̀ tí wọ́n fi kọ ètò má sì bá ẹni tó kọ ọ́ wọ sàréè.

Èkíní ni ìtọ́jú orin. Orin tí èèyàn bá kọ sínú ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì Game Boy àtijọ́, bátìrì pẹlẹbẹ kan bíi ti aago ọwọ́ tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà ni kì í jẹ́ kó pa rẹ́. Ọjọ́ tí bátìrì náà bá kú, orin lọ nìyẹn. Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lè pòórá lóru ọjọ́ kan, láìsí olè, láìsí iná. Lóòótọ́, àwọn kásẹ́ẹ̀tì tuntun kan wà báyìí tí kì í lo bátìrì, ẹ̀rọ sì wà tí wọ́n fi ń da orin látinú kásẹ́ẹ̀tì sórí kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kọ ètò tuntun kò gbọdọ̀ fi èyí sílẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti bójú tó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti wà nínú ètò rẹ̀ pé olórin lè kó orin rẹ̀ jáde ní ìrọ̀rùn, ní ọ̀nà tí ètò mìíràn náà yóò fi lè kà á. Orin tí ètò kan ṣoṣo lè ṣí dà bí àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni kan ṣoṣo. Bí onítọ̀hún bá rìnrìn àjò, ẹrù ti há nìyẹn.

Àríkọ́gbọ́n kan wà níbí láti ọ̀dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá. Lẹ́yìn tí ètò orin DS-10, tó ń jẹ́ orúkọ Korg, iléeṣẹ́ ilẹ̀ Japan tó ń ṣe dùùrù oníná, ti jáde fún ẹ̀rọ Nintendo DS ní ọdún 2008, M01D tún jáde ní ọdún 2013 àti DSN-12 ní ọdún 2014 fún Nintendo 3DS. Ètò tó dára ni wọ́n. Ṣùgbọ́n orí ọjà íntánẹ́ẹ̀tì Nintendo nìkan ni wọ́n ti ń ta méjì tó kẹ́yìn yìí, nígbà tó sì di oṣù kẹta ọdún 2023, Nintendo ti ọjà náà pa. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kò bá tíì rà wọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè rà wọ́n mọ́, bó ti wù kó lówó tó. Ní ti LSDj, tí ẹnì kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ó ṣì wà ní àrọ́wọ́tó lẹ́yìn ogún ọdún ó lé, tí ẹni tó ṣe é sì ń tún un ṣe lóòrèkóòrè. Ohun tí iléeṣẹ́ kọ́ kò pé ọdún mẹ́wàá lórí àtẹ. Èyí tí ẹnì kan fi ìfẹ́ kọ́ ṣì ń dún. Èyí fi hàn pé ètò àdáṣe kì í ṣe ọmọ àlè láàrín àwọn ètò. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun gan-an ni àrólé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ òǹkà àti ohùn. Nínú LSDj, ìlà 16 ni wọ́n fi pín ègé orin kọ̀ọ̀kan. Ojú àmì 16 náà ni Nanoloop ń lò. Òǹkà yìí bá orin ijó ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mu dáadáa, nítorí pé mẹ́rin-mẹ́rin ni ẹsẹ̀ wọn ń lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo orin ayé kọ́ ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, konkolo tí agogo máa ń lù, èyí tí ìlù yòókù ń tẹ̀ lé, òǹkà 12 ni, ìgbà méje sì ni ọ̀pá ń bá agogo nínú rẹ̀ kó tó tún padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Irú rẹ̀ wà nínú orin òrìṣà ní Kúbà títí di òní, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e lọ. Ẹni tó bá fẹ́ lu konkolo lórí LSDj ní láti fi àṣẹ kan sí ìparí ìlà kejìlá nínú ègé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀rọ lè fo mẹ́rin tó kù. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ó dà bí ọmọ onílé tí wọ́n ní kó máa gba ojú fèrèsé wọlé. Kí ló burú bí ètò tuntun bá kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olórin pé, òǹkà mélòó lo fẹ́?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ohùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ gángan rí mọ̀ pé ohùn rẹ̀ kì í dúró lójú kan. Onílù á fún ọṣán mọ́ra, ohùn á gòkè. Á dẹ ọwọ́, ohùn á sì rọra wálẹ̀. Nínú ìlọsókè-sódò yìí ni ìlù ti ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn dùùrù, tó dúró gbagidi lójú kan, ni àwọn ètò orin fi ṣe ìpìlẹ̀. Bí olórin bá fẹ́ kí ohùn yọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, àfi kó tún máa kọ àṣẹ mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ẹ̀rọ náà kọ́ ló fa èyí. Ipele 2,048 ló wà nínú Game Boy tí wọ́n lè gbé ohùn sí, yàtọ̀ sí ohùn kẹrin tó ń ró bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ lè ṣe é; ètò ni kò ṣí ilẹ̀kùn.

Èrò kan tó yẹ kí àwọn tó ń kọ ètò gbé yẹ̀ wò nìyí. Bọ́tìnnì kan wà lára Game Boy tó dà bí àgbélébùú, tó ń lọ sókè, sódò, sọ́tùn-ún àti sósì. Kí wọ́n fi òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣe ọṣán, kí bọ́tìnnì kejì sì jẹ́ kọ̀ǹgọ́. Bí ọwọ́ òsì ti ń fún ọṣán ni ọwọ́ ọ̀tún yóò máa lù. Ohùn ìkẹta, tó ṣeé gbẹ́ bó ṣe wuni, lè ṣe ìyáàlù. Méjì tó jọra lè ṣe omele. Èyí tó ń ró ṣáá-ṣáá á sì ṣe ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ohùn mẹ́rin tí àwọn kan ń ráhùn pé ó kéré ti di ẹgbẹ́ onílù nìyẹn. Àmọ́ ṣá o, ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà nìkan kò lè dá a ṣe. Bó bá mọ bí bọ́tìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́, ṣé ó mọ ìgbà tí ìyáàlù máa ń dákẹ́ kí omele lè sọ tirẹ̀? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ó yẹ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ jókòó sí ẹsẹ̀ àyàn, kó gbọ́, kó béèrè, kó tó kọ ìlà kan.

Ọ̀rọ̀ èdè náà wà níbẹ̀. Ojú ẹ̀rọ Game Boy kéré, àyè tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní kò ju àmì 8 ní ìbú àti 8 ní òró lọ. Láti fi àmì ohùn sórí lẹ́tà, kí wọ́n tún fi ti ìsàlẹ̀ sí i nínú irú àyè tó há bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Nanoloop ti fi hàn pé ètò orin kò nílò ọ̀rọ̀ púpọ̀. Àmì àti àwòrán ló fi ń darí ẹni tó ń lò ó. Ètò tó bá gba ọ̀nà yìí yóò wúlò fún ẹni tó ka ìwé àti ẹni tí kò kàwé, fún ọmọ Japan àti fún ọmọ Ìṣẹ́yìn.

Ẹ̀kẹta ni fífi ìmọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yìn ọ̀la. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ètò orin kan wà tó ń jẹ́ LittleGPTracker, tí Marc Nostromo kọ fún GP2X, ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù kan tó ti ilẹ̀ South Korea wá, kó tó dé orí àwọn ẹ̀rọ mìíràn bíi PSP. Láti ara LSDj ni ẹni yìí ti kọ́ púpọ̀ nínú ọgbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe tó gba oríyìn ni pé ó fi gbogbo àkọsílẹ̀ tó fi kọ ètò náà síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí GP2X ti kúrò lọ́jà, àwọn mìíràn mú àkọsílẹ̀ yìí, wọ́n sì fi í ṣe picoTracker, ẹ̀rọ orin kékeré tuntun tó ń lo pátákó Raspberry Pi Pico tí owó rẹ̀ kò wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé ó fi àkọsílẹ̀ náà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí ni, GP2X ni ìbá gbé ètò náà lọ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bí ẹni tó kọ ètò bá tilẹ̀ fẹ́ jẹun nídìí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kó kéré tán ṣe ètò pé bí òun bá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

Àwọn kan lè béèrè pé, ṣé kì í ṣe olè ni kí ẹnì kan máa kọ ètò fún ẹ̀rọ oní-ẹ̀rọ? Ìbéèrè tó dára ni. Bí wọ́n bá tan Game Boy, ohun tó kọ́kọ́ ń ṣe ni pé á wo inú kásẹ́ẹ̀tì bóyá àmì orúkọ Nintendo wà níbẹ̀. Bí kò bá rí i, kò ní ṣiṣẹ́. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá kọ ètò tirẹ̀ kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó fi àmì náà sí i. Irú ọ̀rọ̀ báyìí dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1992, láàrín Sega, tó ń ṣe ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù, àti Accolade, tó tú inú ẹ̀rọ náà wò kó lè ṣe gẹ́ẹ̀mù tirẹ̀ fún un. Accolade ni ẹjọ́ dá láre. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ ńlá wà láàrín ẹni tó gbin iṣu tirẹ̀ àti ẹni tó lọ wu iṣu olóko. Ẹni tó kọ ètò tirẹ̀ ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó da gẹ́ẹ̀mù tàbí ètò ẹlòmíràn kọ láti máa tà á, olè ni, kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ètò àdáṣe bò ó lójú.

Àwọn mìíràn á ní, nígbà tí fóònù àti kọ̀ǹpútà òde òní lè mú ọgọ́rùn-ún ohùn jáde, kí ni èèyàn tún ń wá lọ sínú ẹ̀rọ ọdún 1989? Kí wọ́n rántí olóògbé Haruna Ìṣọ̀lá. Agídìgbo, ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló fi gbé orin àpàlà rẹ̀ dé ibi gíga, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ tó sọ pé gìtá ló kù. Ohun èlò tó mọ níwọ̀n a máa kọ́ olórin ní ìrònú. Bí ohùn bá jẹ́ mẹ́rin péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìdí tó fi ń dún. Yàtọ̀ sí èyí, ẹ̀rọ náà kò ní ìpè, kò ní ìpolówó ọjà, kò sì ní ohun tó ń pe ọmọ kúrò nídìí ohun tó ń ṣe. Àǹfààní mìíràn ni pé ẹni tí kò rí ojúlówó Game Boy rà kò pàdánù: ètò wà lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bí ẹ̀rọ náà gan-an, LSDj sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Ó kan Nàìjíríà lọ́nà mìíràn pẹ̀lú. Ní ọdún 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìròyìn jáde pé bíi kọ̀ǹtéínà 500 tó kún fún àlòkù ẹ̀rọ ni wọ́n ń já sí èbúté Èkó lóṣooṣù, tí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́, tó jẹ́ pé ààtàn àti iná ló ń parí sí, tí èéfín rẹ̀ sì ń ṣe àkóbá fún ìlera. Ètò orin kò lè yanjú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ Game Boy ni pé ọjọ́ tí iléeṣẹ́ bá sọ pé ẹ̀rọ ti di àtijọ́ kọ́ ni ẹ̀rọ náà ń kú. Ó ń kú nígbà tí kò bá sí ẹni tó mọ ohun tó tún lè fi í ṣe.

Nítorí náà, ó yẹ kí àwọn tó ń gbèrò ètò tuntun ro ti orin ṣáájú ti àrà. Kí wọ́n ṣe èyí tí orin kò ní ṣòfò nínú rẹ̀, èyí tí konkolo yóò rí àyè jókòó nínú rẹ̀ láìgba ojú fèrèsé, àti èyí tí ọmọ tí wọn kò tíì bí yóò lè ṣí kà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ orin pẹ̀lú fojú inú wo irú ẹ̀rọ tí kò wọ́n yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ní ti àwọn òbí, bí wọ́n bá rí ọmọ tó tẹ orí ba sórí ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù àtijọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ dẹtí sílẹ̀ kí wọ́n tó pariwo. Ó lè jẹ́ pé eré ló ń ṣe lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ìlù ló ń lù. Àwọn àgbà ló sọ ọ́ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, inú àkísà àwọn àgbà ni ọmọdé ti rí aṣọ tuntun dá.